Ìjà Tí Kò Ní Onílàjà

Iye ìgbà tí mo ti kọ ìkóra-ẹni-níjàánu sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kábà kò lóǹkà. Mo máa ń fi sùúrù tì í, mo máa ń fi ìfarabalẹ̀ àti ìpamọ́ra kún un, bí ọkùnrin tó ń kó ìyàwó jọ. Ẹ má bi mí bóyá mo ní ọ̀kan nínú wọn nílé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, ti ń jà lórí oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ojúde ilé ni a ti ń jà á. A ó bọ́ ẹ̀wù, àwọn aládùúgbò á sáré wá dì wá mú. Ẹ̀gbọ́n mi á máa ké pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀, n ó pa á lónìí!" bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹni tó dì í mú mú ṣinṣin, kí onítọ̀hún má baà lọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyàwó mi tilẹ̀ sọ nígbà kan pé, "Dádì, ẹ rọra máa fò. Bàbá tó dì yín mú ti darúgbó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, mo gun máṣíìnì mi lọ sóko. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń hú igi pèrègún tí bàbá wa gbìn sí ààlà, tó ń tún un gbìn sáàárín ebè iṣu mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Pèrègún ló rìn."

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Wá kà á."

Ó fi ọkọ́ la ebè kan sí méjì níṣojú mi. Mo tì í. Ó fi èèkù ọkọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín iwájú mi kan bọ́, ọ̀wọ̀ náà sì bá a lọ.

"Ìwọ olè yìí!"

A wọ̀yá ìjà. Ó gé mi jẹ léjìká, mo gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó dìde, mo sì fa àdá mi yọ lára máṣíìnì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi káṣú nìkan ló ń wòran.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" ló ké, nígbà tí kò sí ẹni tó dì í mú. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ tó kún ẹnu mi. Ó yí padà láti sá.

Mo ṣá a. Àdá wọ ẹ̀yìn apá rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe kan eegun. Ó ṣubú dojúbolẹ̀. Mo tún gbé àdá sókè. Ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò.

N kò rántí ọ̀rọ̀ kankan nínú èyí tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo fi tòsì gbá a mú, mo ń ṣí àwọn ìka kúrò lára èèkù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n sì tún ń padà síbẹ̀. Nígbà tí àdá já bọ́, mo fẹsẹ̀ gbá a jìnnà sínú koríko. N kò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi.

Mo ya síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo fi di apá rẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn máṣíìnì, mo fi ẹ̀wù rẹ̀ so ó mọ́ ara mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sínú ṣòkòtò mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn o."

"Wo iwájú rẹ, òmùgọ̀! Kòtò!"

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kí wa, "Okun o. Ta ló ṣe irú èyí?"

Mo la ẹnu.

"Panu mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Àdá ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn apá rẹ̀, ó wo ẹnu mi tó wú. "Àdá yín gbọ́n o, Bàbá. Ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn."

Ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀gbọ́n mi, tí í kígbe bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Kò dún pínkín. Ojú mi ló ń wò títí wọ́n fi gé òwú.