Ẹ́ńjìnnì Tí A Bọ́ Lẹ́ẹ̀mejì Láàárọ̀ Ọjọ́ Kan

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹ́ńjìnnì mi dé àdúgbò Bajulaiye ní Ṣómólú, ọkùnrin méje ni ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó bi mí léèrè ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sí. Ọ̀dọ̀ Alhaji Sùbérù, atẹ̀wé tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọjú sí ọgbà mi, ni wọ́n ti lọ béèrè, nítorí wọ́n rò pé òun ni ó ni í. Alhaji wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ìyá Ṣadé ni ó ni ẹrù náà. Ẹ bi í, bí ó bá mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí."

Mo mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Mo ti ka ìwé ìtọ́ni tí ó bá a wá láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ náà tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí mo lọ, níbi tí ẹni tí ó bá jẹ́ kí yíǹkì kán sí ojú ìwé rẹ̀ yóò tún gbogbo ojú ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé àgbà ni mo jẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí nǹkan wọ́n, tí àwọn ológun sì ní kí olúkúlùkù máa ṣọ́ owó ná, wọ́n ní àwa òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Orúkọ mi wà nínú ìwé kẹta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ọmọbìnrin mẹ́ta sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú ní kí n lọ máa ta aṣọ. N kò kọ ọ̀rọ̀ wọn nítorí ìgbéraga nìkan. Ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ ní àdúgbò mi ni pé bí iná ìjọba bá ti lọ, gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà ní Bajulaiye yóò dákẹ́, àwọn tí ó ni wọ́n yóò jókòó lé orí bébà wọn, wọn yóò fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo rò ó pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí ó lágbára lè fún ilé iṣẹ́ mẹ́ta ní iná. Ọkùnrin kan tí ó ní ilé ìlagi létí ọ̀sà ní Bárígà kò rí gẹdú là mọ́, ó sì ń ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Owó tí ìjọba fún mi nígbà tí wọ́n yọ mí níṣẹ́ ni mo fi rà á.

Ẹ́ńjìnnì dísù ni, ó sì ní ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ń yí. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó yàtọ̀ sí ti epo bẹntiróòlù, nítorí kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà sínú, tí ó ń fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Bí epo bá wá tú sínú ooru náà, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Bàbá Músílíù ni ó ṣàlàyé èyí fún mi ju bí ìwé ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ó ní, "Màdáámù, epo ni oúnjẹ rẹ̀, ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni èémí rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ mẹ́ta yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Bàbá Músílíù. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì jù mí lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò mọ̀wé kà. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, yóò gbé ẹnu sukurudíráfà lé ara irin, yóò fi ìdí rẹ̀ sí etí, yóò sì di ojú bí ẹni tí ń gbàdúrà. Yóò wá la ojú, yóò ní, "Ìkejì ń ráhùn." Ìkejì náà, nínú àwọn ihò tí epo ti ń gbiná, ni yóò sì jẹ́.

Èmi ní tèmi ní pátákó kan tí mo lẹ bébà mọ́, tí mo fi kọ́ ara ìṣó. Lára rẹ̀ ni mo ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, ìwọ̀n epo, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì. Pátákó yìí a máa pa Bàbá Músílíù lẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì yìí sí kíláàsì kejì ni?"

Mo ní, "Bí ó bá yege, Bàbá, a ó gbé e lọ sí ìkẹta."

Àwọn atẹ̀wé mẹ́ta gbà láti so wáyà wọn mọ́ tèmi, ṣùgbọ́n Alhaji Sùbérù, tí ó jẹ́ àgbà láàárín wọn, fi gbèdéke sí i. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, a ó so ó títí di ọdún Iléyá. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá já wa sílẹ̀ lójú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó tú u. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin tàbí ọkùnrin o." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin tàbí ọkùnrin gan-an ni. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tú wáyà wọn, kò sí ẹlòmíràn tí yóò so tirẹ̀, ohun gbogbo tí mo ní yóò sì di irin tí adìyẹ ń yé ẹyin sí lábẹ́.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò ti inú ẹ́ńjìnnì wá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a fi ń wọn ọ́ìlì, géèjì ni a ń pè é. Ilà méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ́ìlì kò sì gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ ilà ìsàlẹ̀ tàbí kí ó ga ju ilà òkè lọ. Bí mo bá ti wọ̀n ọ́n tán, tí mo sọ pé ó pé, Bàbá Músílíù yóò nu géèjì náà, yóò tún un wọ̀n lójú mi. Mo ka èyí sí àbùkù. Nítorí náà, mo ṣíwọ́ sísọ fún un nígbà tí mo bá da ọ́ìlì, òun náà kò sì bi mí. Èmi rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ yóò ka pátákó. Òun rò pé ẹni tí ó bá dà á yóò sọ̀rọ̀. Mo sì mọ̀ dájú pé kò lè ka pátákó náà. Apá yìí nínú ìtàn náà ni n kì í fẹ́ràn láti rántí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá dé nígbà tí àsìkò pípààrọ̀ ọ́ìlì tó. Bàbá Músílíù fa ògbólógbòó ọ́ìlì dànù ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo da ọ́ìlì tuntun sí i títí ó fi kan ilà òkè, mo kọ ọ́ sí pátákó, mo sì gbé agolo òfìfo pamọ́, nítorí n kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Mo wọlé lọ wẹ̀. Bàbá Músílíù dé. Ó rántí pé òun fa ẹ́ńjìnnì náà gbẹ lánàá, ó rí agolo kejì tí mo rà pamọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ó sì dà á sí i tán pátápátá. Kò wọ̀n ọ́n. Kí ni ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa nǹkan gbẹ tún fẹ́ wọ̀n? Lẹ́yìn náà ó tú ìdérí tí ń sẹ́ eruku ní ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó fọ̀ ọ́, ó sì sá a sí oòrùn.

Ìdérí náà kò tíì gbẹ nígbà tí iná ìjọba lọ. Ẹ̀rọ Alhaji ń tẹ ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Alhaji kígbe láti òdìkejì, "Ìyá Ṣadé, iná o!" Bàbá Músílíù ní kò burú, ìdérí lè dúró di ọ̀sán. Ó yí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì dáhùn.

Èéfín rẹ̀ kò dúdú bí ti àtẹ̀yìnwá, funfun ni, ó sì ki bíi kùrukùru. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gílóòbù tí ó wà lókè wa tàn kọjá bó ṣe yẹ, ó sì fọ́. Mo gbọ́ tí òmíràn fọ́ ní ọ̀dọ̀ Alhaji, mo sì gbọ́ tí àwọn atẹ̀wé ń pariwo kí wọ́n pa súwíìṣì. Bàbá Músílíù ti ọ̀nà epo. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ńṣe ni ó ń fò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bí màlúù tí okùn ń fún lọ́rùn.

Bàbá kígbe, "Ọ́ìlì ara rẹ̀ ni ó ń mu bí epo! Ẹ sá, Màdáámù! Yóò fọ́nká!"

N kò sá. Kì í ṣe ìgboyà ni mo lè pè é. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn mi. Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ dé inú rẹ̀, kí ni ó kù tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Èémí. Mo já pátákó mi kúrò lára ìṣó, mo sì gbé e dí ẹnu tí ó fi ń mí. Ó fà á mọ́ra pẹ̀lú agbára tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Bébà tí ó wà lára rẹ̀ ya, ó sì wọlé sínú ihò. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà náà ni Bàbá Músílíù, tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, padà wá, ó sì fi àyà ti pátákó náà pẹ̀lú mi. Ẹ́ńjìnnì náà kérora, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú.

Alhaji Sùbérù wọlé nígbà tí èéfín ṣì ń jáde. Ó ní, "Ta ló fa èyí?"

Bàbá Músílíù ní, "Èmi ni, Alhaji. Èmi ni mo da ọ́ìlì. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù."

Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, àṣìṣe mẹkáníìkì ni yóò jẹ́, Alhaji yóò sì ní kí n wá ẹlòmíràn, wáyà yóò sì wà níbi tí ó wà. Ẹ̀rí tí ó lè ta kò mí ti ya sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti sá dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó padà wá.

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ dà á, Alhaji, ní ìdájí, ó sì kún dé ojú ìwọ̀n. N kò sọ fún Bàbá. Ara pátákó ni mo kọ ọ́ sí."

Bàbá Músílíù yíjú sí mi, ó ní, "Ara pátákó?"

 

Alhaji wo èmi, ó wo Bàbá, ó sì wo pátákó tí etí ihò irin náà ti fi àmì òrùka sí lára. Ó ní, "Ìyàwó méjì tí wọ́n ń bá ara wọn yodì ni ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ tí irú wọn bá ń tọ́, ebi lè pa á, ó sì lè yó kú. Ti yín ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yó kú yìí." Ó tọ́ka sí wáyà tí ó kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "N kò tíì tú wáyà. Mo ní títí di Iléyá, Iléyá kò sì tíì dé. Bí ó bá ṣiṣẹ́ kí a tó pa àgbò, a ó ṣì jọ wà."

Nígbà tí a tú ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀pá irin méjì ti tẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn rínǹgì sì ti jó. Àwọn ohun èlò ilẹ̀ òkèèrè kò wọlé mọ́ nígbà náà, nítorí náà a gbé ọ̀pá méjèèjì lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ irin kan ní Fola Agoro tí ó gbẹ́ òmíràn fún wa, a sì yọ rínǹgì lára ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú ní Bárígà. Èmi ni mo ń fọ irin, Bàbá Músílíù ni ó ń tò wọ́n. Mo ń ka ìwé ìtọ́ni sókè, òun sì ń dá ìwé náà lóhùn: "Òótọ́ ni ó sọ." "Níbí yìí, irọ́ ló pa." Ní ọjọ́ tí a fẹ́ da ọ́ìlì tuntun, mo na ọwọ́ sí pátákó tuntun, ó sì dá mi dúró.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ kí a wá ohun tí àwa méjèèjì lè kà."

Ó fa aṣọ funfun kan ya nínú àkísà rẹ̀. Àdéhùn wa nìyí: ẹni tí ó bá da ọ́ìlì yóò so aṣọ náà mọ́ orí géèjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì láìbéèrè pé, "Ta ló dà á?" Ẹnu ni a ó sì fi dáhùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Iléyá dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà tún dáhùn.  Alhaji kàn ránṣẹ́ pé kí a fún òun ní iná. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó fi itan àgbò kan ránṣẹ́ sí èmi àti Bàbá Músílíù, ó ní kí a pín in, kí a sì rí i dájú pé a sọ fún ara wa ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Mo fi ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ títí àwọn ọmọ mi fi jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ojú Bàbá Músílíù fọ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá láràárọ̀ láti Obanikoro. Yóò fi ọwọ́ wá orí géèjì, yóò fọwọ́ kan aṣọ náà, yóò sì béèrè ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà. Èmi náà yóò sì dáhùn.

Nígbà tí ẹ̀yìn mi kò gba iṣẹ́ mọ́, mo ta ẹ́ńjìnnì náà fún ọkùnrin kan tí ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ní àárọ̀ tí ó wá gbé e, mo ti da ọ́ìlì sí i. Ó rí aṣọ tí ó wà lára géèjì, ó sì na ọwọ́ láti tú u sọnù bí ìdọ̀tí.

Mo ní, "Ẹ má tú u. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó dà á."

Ó wò mí, ó wo àwọn tí wọ́n bá a wá, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, Màmá. Ta ló dà á?"

Mo ní, "Èmi ni. Ó kan ilà òkè." Mo sì gbé irin tí a fi ń yí i lé e lọ́wọ́.