Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Mẹ́ta Yà sí Ilé Epo Wa

Orí àpótí ni mo jókòó sí, mo ń rẹ́ ilá, nígbà tí ọkọ mi wọlé tó ní òun ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, pé ilé epo lòun fẹ́ ṣí sí Ọ̀rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Òdìgbó. Ohun tó mọ̀ nípa bẹntiróòlù kò ju èyí tó ń rà sínú alùpùpù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín, mo bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ayé ń dùn nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Bìní gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ọ̀dà rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń wa mọ́tò. Ọkọ mi wá ń ka ìka fún mi bí ẹni pé iwájú pátákó ló wà: gbogbo mọ́tò yẹn ló máa mu epo, gbogbo èrò inú wọn ló máa jẹun, gbogbo wọn ló sì máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

"Ti ìkẹta yẹn ni ẹnikẹ́ni kò rò," ó ní. "Àwa la máa rò ó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ilé epo wa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú ilé oúnjẹ kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta tó ní ìjókòó funfun, tí èèyàn á fa ṣéènì lókè tí omi á sì ya wálẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ṣí i, kò sẹ́ni tó wo pọ́ǹpù epo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo wọn wá wò. Baba kan, àlejò tó ń dáko kòkó ní Omifúnfún, ló kọ́kọ́ wọlé. A gbọ́ tí omi hó yàà, baba sì sáré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú! Mo ti bà á jẹ́!"

Nígbà tí ọkọ mi fi yé e pé kò sí ohun tó bàjẹ́, ó padà wọlé, ó tún fà á. Ó tún fà á. Ó wá lọ pe àwọn ìyàwó rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi inú táǹkì ti tán pátápátá.

Èrò ìran la rí, a ò rí èrò ọ̀nà. Àwọn bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ń lọ sí Bìní àti Oníṣà kì í yà sọ́dọ̀ wa. Ilé oúnjẹ kan wà ní oríta tí àwọn awakọ̀ ti mọ́ lára, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èrò lọ. Tiwa kò ju lọ́rì kòkó àti mọ́tò kéékèèké lọ. Bọ́ọ̀sì á kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á fẹ́ gèlè mi, èmi á sì máa juwọ́ sí i bí wèrè.

Ìyá kan láti Aráròmí-Obù ló ń bá wa dáná. Aládùúrà ni, aṣọ funfun ló ń wọ̀ ní ojoojúmọ́ ayé, mi ò sì mọ bó ṣe ń ṣe é tí epo kì í kán sí i. Ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ eléwé dúdú ti àwọn ará Ìkálẹ̀, tó bá sè, èèyàn á lá ìka títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sú u, ó mú agogo àdúrà rẹ̀, ó dúró sí etí ọ̀nà, ó ń lù ú fún bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀. Àwọn awakọ̀ fọn fèrè fún un, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì kọjá lọ.

Mo wá sọ fún ọkọ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé, "Mò ń lọ sí Èkó. Mo fẹ́ lọ gbé bọ́ọ̀sì kan wá."

"Báwo lèèyàn ṣe ń gbé bọ́ọ̀sì?"

"Ẹ máa wò mí."

Púpurú gbígbóná, òkèlè tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ marúgbó tí ẹran ẹtu kún inú rẹ̀ bámúbámú ni mo dì sínú kúlà. Mo wọ mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Èkó. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wá bọ́ọ̀sì tó gùn jù lọ nínú gáréèjì, mo sanwó, mo sì jókòó sí ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an. Ará Bìní ni, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ awò ojú dúdú, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bọ́ọ̀sì méjì mìíràn ti ọ̀gá kan náà ń tẹ̀lé e.

Nígbà tí a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, mo ṣí ìdérí kúlà díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Mo rí i tí awakọ̀ gbé orí sókè.

"Kí ló ń ta sánsán lẹ́yìn mi yìí?"

Mo dé e. "Oúnjẹ ilé epo wa ní Ọ̀rẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ kì í yà síbẹ̀."

Ó tún kọjú sí ọ̀nà. Mo tún ṣí i. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí òdìkejì na ọrùn. "Ọmọ mi, ẹran kí nìyẹn?"

"Ẹtu ni, mà."

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn láti ìjókòó dé ìjókòó: ẹtu, ó ní ẹtu ni. Ìyá àgbà yẹn tún bi mí bóyá a ní ibi tí èèyàn lè ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láìwọ igbó. Mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré.

"Mẹ́ta ló wà, mà! Ẹ ó fa ṣéènì, omi á ya wálẹ̀!"

Ariwo sọ. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń lu ẹ̀yìn ìjókòó. "Awakọ̀, yà síbẹ̀! Awakọ̀, yà síbẹ̀!" Ó gbójú sókè wò mí nínú díńgí iwájú rẹ̀.

"Màdáámú, ṣé oúnjẹ wà nílẹ̀ tó máa kárí gbogbo èrò yìí?"

"Ó kún ilé!" ni mo wí.

Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí mo rí òrùlé ilé epo wa lọ́ọ̀ọ́kán ni mo tó rántí pé mi ò sọ nǹkan kan fún Ìyá tó ń bá wa dáná. Oúnjẹ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń sè.

Bọ́ọ̀sì mẹ́ta wọlé tẹ̀lé ara wọn, eruku sọ. Ọkọ mi sáré jáde, ó rò pé jàǹbá ló ṣẹlẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kígbe "Halelúyà!" Èrò ń bọ́ sílẹ̀, wọn ò tán. Ìyá ka àwọn díẹ̀, ó yọwọ́, ó dìde, ó sì fi èdè Ìkálẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ kíákíá débi pé ibi tó ti ń bi mí pé níbo loúnjẹ wà nìkan ni mo gbọ́.

Mo jẹ́wọ́. Mo gun orí àga, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, oúnjẹ ò tó. Ṣùgbọ́n iná wà, ìkòkò wà, iṣu wà lẹ́yìnkùlé."

Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Ìyá àgbà inú bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wọ́ ìró rẹ̀ sókè. "Níbo lọ̀bẹ wà?" Kí n tó mọ̀, obìnrin bí ogún ti wà ní ilé ìdáná wa. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì, ó ní ká máa lò ó. Ọkùnrin kan tó wọ táì yọ kóòtù rẹ̀, òun àti ọmọ Íbò kan tí kò fi ọmọ odó gún nǹkan rí láyé rẹ̀ ń gún iyán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, iyán ń fò lọ sára ògiri. Awakọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹ̀bà. Ọbẹ̀ ta sí Ìyá láṣọ láti àyà dé ìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀, orin ló ń kọ.

Ọkọ mi ti padà di tíṣà pátápátá. Ó mú ọ̀pá kan, ó to àwọn èrò síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Ìlà kan ṣoṣo! Kò sí ariwo! Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, dúró dáadáa!" Alhájì ńlá kan lẹni tó ń bá wí, Alhájì sì dúró dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá jáde, àwọn tó wà lórí ìlà á pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ń sáré kiri pẹ̀lú abọ́, mo ń kọsẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi.

Ó ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó jẹun tán. Wọ́n sanwó, gbogbo wọn, àwọn tó gún iyán pàápàá. Awakọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò mí.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa mọ́tò lójú ọ̀nà yìí," ó ní. "Mi ò tíì rí ibi tí èrò ti se oúnjẹ fúnra wọn, tí wọ́n tún sanwó rẹ̀, tí wọ́n tún dúpẹ́."

Ojú tì mí. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Lọ́la tí a bá ń padà sí Èkó, kí ìwọ fúnra rẹ sè é o."

Mi ò gbà á gbọ́ pé ó máa padà wá. Ṣùgbọ́n Ìyá gbà á gbọ́, kò sì dúró gbọ́ èrò mi. Ó ti ránṣẹ́ lọ sí Aráròmí-Obù pé kí àwọn obìnrin méjì nínú ìjọ wọn wá bá a ṣiṣẹ́, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti gbé ìkòkò tó tóbi jù lọ kaná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, abẹ́ igi ni mo jókòó sí, ẹnì kan ń di irun fún mi, nígbà tí mo gbọ́ fèrè lójú ọ̀nà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Òmíràn dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo dìde pẹ̀lú ìyàrun lórí, ìdajì irun mi dì, ìdajì dúró ṣánṣán, mo sì sáré jáde bẹ́ẹ̀ lọ pàdé wọn. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin ni.