Ẹja Tí Mo Fún Bàbá Onílé

Èmi ni mo kọ́kọ́ ní ẹja nínú ọgbà wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ná, nítorí nígbà tó yá kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, ọmọ Èkìtì tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Èkó lásìkò àwọn ológun, yàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi sì gbà níwájú ilé. Mo ra ẹja góòlù márùn-ún lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ nítòsí Ìyànà Ìpájà. Mo gbé wọn wálé nínú ọ̀rá, mo sì kó wọn sínú àpótí gíláàsì tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fúnra mi.

Omi tútù ni ẹja yìí ń fẹ́, ilé wa sì nìyí, páànù lókè, oòrùn lójú fèrèsé. Lọ́sàn-án, mo máa ń fi táwẹ̀lì tútù bo gíláàsì náà. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, mo máa ń mú abẹ̀bẹ̀, mo máa ń fẹ́ wọn. Ìyàwó mi ní láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, òun ò rí i kí n fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún òun rí. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá ni ọmọ. Ẹnikẹ́ni ló lè ra ẹja. Kí ẹja bímọ lọ́wọ́ ẹni, ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá fojú rí.

Ọ̀kan nínú wọn kò jẹ́ kí àwọn yòókù sinmi. Pupa ni, àpá dúdú kan wà ní ìrù rẹ̀. Láti ìdájí ni yóò ti máa lé ẹja funfun kan kiri, á máa forí gbá a níkùn, á tì í mọ́ igun gíláàsì títí ìpẹ́ rẹ̀ fi ń bọ́. Mo ní ìkà ni. N kò fẹ́ ìkà nínú ilé mi. Mo yọ ọ́, mo yọ èyí funfun náà mọ́ ọn nítorí ó ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú, mo sì kó àwọn méjèèjì fún Bàbá Onílé.

Ọmọ bíbí Ẹ̀gbẹ́dá ni Bàbá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àgbẹ̀ ni kí ilé tó gba gbogbo oko rẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dilẹ̀ ó ti pẹ́. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣeé jẹ. Nígbà tí mo ní ìwòran lásán ni wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó fi bísímílà gbà wọ́n. Báàfù kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìnkùlé, èyí tó rà fún ilé ìwẹ̀ tí kò kọ́ parí. Ibẹ̀ ló kó wọn sí. Omi kànga ló bù sí i, ó já ojú oró wá láti ẹ̀gbẹ́ odò, ó kó o lé omi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin tanwíjí nínú táyà àtijọ́ láti máa fi bọ́ wọn. Ọkùnrin tó ń sin ẹ̀fọn! Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, a rẹ́rìn-ín títí.

Kò ju bí oṣù méjì lọ tí Bàbá fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó ká ojú oró kan sókè díẹ̀, ó nawọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan tín-ín-tín-ín bí irun ìpéǹpéjú ń rá bàbà nínú omi. Ọmọ ẹja ni. N kò lè kà wọ́n.

Ìlara ni, n kò ní fi bò. Mo kí Bàbá kú oríire. Mo bi í léèrè bó ṣe ṣe é. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun kàn rí i pé ìyá àwọn ẹyin náà ń fi ojú ebi wò wọ́n, ni òun bá kó ojú oró tí ẹyin lẹ̀ mọ́ sínú bàsíà ọ̀tọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà tó ìka ọmọdé, ó dá wọn padà sínú báàfù.

Láti ìgbà náà ni ayé mi ò ti dùn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ní bí ẹja ṣe ń mí, wá ń gba iwájú fèrèsé mi kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì béèrè bóyá Bàbá wà nílé. Ìyàwó mi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ibẹ̀ tutù. Mo pe tíṣà kan láti ibi iṣẹ́ wá wo àpótí gíláàsì mi. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó sì lo ìrọ̀lẹ́ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù.

Mo gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Mo bu omi kànga, mo wá ojú oró, mo bọ́ wọn ní tanwíjí. Pàbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, mo já ojú oró nínú báàfù rẹ̀, mo fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù wọlé bí olè. Ẹyin lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹja mi jẹ gbogbo rẹ̀ tán níṣojú mi.

Ìwé kan ló wá là mí lójú, ìwé àtijọ́ kan nípa ẹja ní láíbìrì ilé ìwé wa. Ó ní bí akọ bá fẹ́ gùn, á máa lé abo kiri, á máa forí gbá a níkùn kí ẹyin lè jáde, àmì funfun wẹ́wẹ́ á sì yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Mo ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹja tí mo pè ní ìkà ni akọ kan ṣoṣo tí mo ní. Abo ni gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n lọ bá Bàbá, kí n ní mo ṣàṣìṣe, kí ó yá mi ní akọ náà fún oṣù kan. Kò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà bàọ́lọ́jì tí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé? Lọ́kàn mi, èmi ni mo ni ẹja yẹn. Èmi ni mo ni àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Mo ń wo Bàbá bí ẹni tó jà mí lólè.

Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù dé, ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn títì títí di aago mẹ́wàá. Bàbá ti fi páànù bo táyà tanwíjí rẹ̀ nítorí àwọn wolé-wolé. Mo ń fa koríko nígbà tó pè mí sí báàfù. Ojú rẹ̀ kò dán. Ó nawọ́ sí ẹja pupa náà.

“Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé. Kí ni funfun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ yìí?”

Mo tẹ̀ ba, mo wò ó pẹ́ bí dókítà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo kà á.

“Àìsàn ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, kí n lọ máa tọ́jú ẹ̀ lọ́tọ̀.”

Ó wo àwọn ọmọ ẹja náà, tí àwọ̀ pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lára wọn.

“Àwọn ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé á ti ràn wọ́n?”

Bí mo bá ní rárá, á bi mí bó ṣe jẹ́ tí kò fi ràn wọ́n. N kò fẹ́ ìbéèrè. Akọ náà nìkan ni mo ń wò.

“Ó lè ti ràn wọ́n, sà.”

Mo ní tí aago mẹ́wàá bá lù, mà á yára dé Ìkọ̀tún lọ ra ike tí mà á fi gbé e. Mo lọ. Inú mi ń dùn lójú ọ̀nà, mo ń ro ibi tí mà á gbé àpótí gíláàsì mi sí kí akọ náà lè gbádùn. Nígbà tí mo padà dé, báàfù ti dojú délẹ̀. Omi ti gbẹ nílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá jókòó sórí ìdí báàfù náà, ọkọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi fúrúùtù.

Ó ní òun ò lè jẹ́ kí n gbé àìsàn wọlé bá ẹja mi. Ó ní garawa kan náà la fi ń fa omi kànga. Bí òun bá fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó pẹ́ ó yá, á ran tèmi. Òun ti da omi náà nù, òun sì ti sin gbogbo wọn, ìyá, bàbá, àtọmọ.

“Ṣé tìẹ ò tíì ní in?”

Mo ní rárá.

“Àlàmúdùlílàhì,” ni Bàbá wí. Ó nu ojú rẹ̀ nù. “Ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n kù sí báyìí. Tí wọ́n bá bímọ, wá fún mi ní méjì.”

Mo ní mo gbọ́, sà. Ní gbogbo Sátidé ìmọ́tótó ló ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ti yá, mo sì ń sọ fún un pé kò tíì yá, títí a fi kó lọ sí Àgbàdo.