Aláriwo àti Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Rẹ̀

Aláriwo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" lọ. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Òun ló ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ariwo kiri àwọn ilé iṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí etí òṣìṣẹ́ lè gbà lọ.

Kó tó wọn ohunkóhun, á kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ kékeré kan tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, á fi ihò rẹ̀ bọ máìkì ẹ̀rọ ìwọ̀n lórí, á tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ké, kì í ga, kì í rẹlẹ̀: ìwọ̀n ariwo mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ka iye yẹn, ó ṣeé gbọ́kàn lé. Tó bá parí iṣẹ́, á tún ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ náà lè sòótọ́ láàárọ̀ kó purọ́ lọ́sàn-án, bí èèyàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe lóru. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí ara wọn, ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú ìyá wọn tí kò lè rìn mọ́. Aláriwo sì ti ṣèlérí pé òun á wá gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ Àìkú, kó lè ráyè sinmi.

Gbogbo ọjọ́ ló fi dúró ti ayùn, eruku pákó kún irun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ayùn, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ẹ̀rọ kékeré bọ máìkì lórí. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún fi sí i. Bákan náà. Ó pààrọ̀ bátìrì. Kò yí padà. Ó wá fi ẹ̀rọ kékeré náà sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n kejì tó wà nínú ọkọ̀. Ìyẹn ka iye tó yẹ gẹ́lẹ́.

Dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá, àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn àwàdà, yọjú.

"Kí ló dé tó o fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀ gbé?"

"Bàbá, máìkì yìí ti yẹ̀, n ò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tá a wọ̀n lónìí, omi ti gbé e lọ."

Bàbá wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló máa mọ̀? Fi díẹ̀ kún un, ká máa lọ sílé."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ti igi sẹ́nu ayùn ti kí i lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n dá ayùn dúró láti jẹun. Ó dáhùn, ọkùnrin náà ò gbọ́. Ó tún dáhùn, kò gbọ́. Aláriwo dìde, ó lọ bá ọ̀gá ibẹ̀.

"Ẹ tún ń bọ̀ lọ́la?" Ọ̀gá gbá orí mú. "Ọ̀la tá a fẹ́ tètè tilẹ̀kùn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ wa ló jẹ̀bi."

Ọ̀gá pòṣé, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ó wá ku ìpè tó le jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò ní lè wá lónìí mọ́, iṣẹ́ tún mú mi lọ́la. Ó di ọ̀túnla."

"Ariwo àwọn ẹlòmíì ló ń jẹ ọ́ lógún. Tèmi ò dé etí ẹ." Ẹ̀gbọ́n pa fóònù.

Aláriwo ò tiẹ̀ rí omijé dà.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹ̀rọ kejì wọn gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, ó yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ariwo ìdí ayùn ńlá kọjá ààlà. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n ra ìbòtí tó ń dín ariwo kù fún àwọn òṣìṣẹ́. Bóyá wọ́n máa rà á, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn fún un láìrẹ́rìn-ín, ó na oògùn ìyá sí i, ó wọ yàrá lọ. Aláriwo fún ìyá lóògùn, ó fà á jókòó dáadáa, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé kóun kàn nasẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tó máa lajú, aṣọ ìbora ìyá ti wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ìwọ lo wá tọ́jú màmá ni, àbí màmá ló ń tọ́jú ẹ?"

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Èmi ńkọ́, màmá, kò rẹ èmi ni?" Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ká ẹsẹ̀ yẹn kúrò jàre."

Aláriwo ká a kúrò. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n náà fi ń hanrun.