Ọjọ́ Tí Ìyá Onílé Wa Sọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Bí ilé bá ti dákẹ́ jù láàárọ̀, ìyá onílé wa ní àdúgbò Ìbà ni mo máa ń rántí. Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. "Olè ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tí yunifásítì kan ní Kánádà fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fóònù, kí wọ́n tó gbà mí fún másítà nínú ìmọ̀ òfin, ohùn màmá yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Yunifásítì méjì ti kọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Mo bẹ màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi rọra sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé àga sẹ́nu géètì, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aládùúgbò wa ń fa àgbò tó rà ní ọjà Alaba Rago kọjá, àgbò sì ń ké. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí màmá tí wọ́n sáré fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí àgbò lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, wọ́n yọjú, wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé àwọn òyìnbó náà ti lọ?"

Lọ́jọ́ tí èsì dé, mo sáré lọ bá màmá. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo rọra ní, "Màmá, wọ́n ti gbà mí."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Ṣé o jí i ni?"

Ni mo bá figbe ta. Àgbò náà dá mi lóhùn láti ilé kejì.