Kíréètì Ẹyin Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Nítorí Orin

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹun tán kí ẹ tó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara ṣì ń yún mi. Ìríra gbáà ni!

Inú yàrá mi ní Ọ̀yẹ́ ni mo ti ń ṣe orin. Láptọ́ọ̀pù, maikirofóònù kékeré kan àti áàpù ọ̀fẹ́ ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Mo fẹ́ràn ọ̀fẹ́, mi ò purọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìgbólé, ló máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ohùn wọn dùn kọjá sísọ! Orin kan wà tí wọ́n fúnra wọn ṣe nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ rí. Gẹ̀gẹ̀ wá yọ sí wọn lọ́rùn. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ohùn náà lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àyà mi já. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kọ orin náà lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì gbà.

Ìṣòro mi ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi, kì í sinmi. Ni mo bá wo fídíò ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ká ṣáà lẹ kíréètì ẹyin mọ́ gbogbo ògiri, ariwo ò ní wọlé mọ́. Mo gbọ̀nà Ìfàkì lọ bá ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ. Ó ní kí n kó àwọn tó ti gbó lẹ́yìn ilé adìẹ lọ. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun palẹ̀ mọ́! Ṣé kò yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú?

Ìgbẹ́ adìẹ ti gbẹ mọ́ wọn lára, ẹyin tó fọ́ ti rà sínú àwọn mìíràn. Mo gbọ̀n wọ́n díẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mo fín lọ́fínńdà sí i. Ọ̀lẹ!

Màmá dé ní Sátidé nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì funfun. Mo ti fèrèsé pa, mo pa fáànù, ooru mú. Wọ́n fọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ dójú tì mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọn ò tíì kọ ọ́ jìnnà tí wọ́n fi ń họ ọrùn. Mo wo gèlè wọn. Yéè! Iná adìẹ, kòkòrò wẹ́wẹ́ yẹn, ń rìn káàkiri lórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó ní ẹsẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó ni gọ́ọ̀mù ti yọ́, kíréètì kan já bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, ìdin ń yíra nínú rẹ̀.

“Jésù! Ulé adìẹ ni o mú mi wá?”

Wọ́n ju gèlè nù, wọ́n sá jáde, wọ́n bì sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà bì. Aládùúgbò mi pa jẹnẹrétọ̀ kó lè gbọ́ wa dáadáa! Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ yẹn ló kún inú rẹ̀. Kíréètì ò dí ariwo kankan.

Màmá ò gbé fóònù mi mọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ń sún mọ́lé, mi ò rí oorun sùn. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé àwọn, kí n sì wẹ̀ kí n tó wá. Ní Ìgbólé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbóòórùn mi kí wọ́n tó yà fún mi kí n wọlé. A ta bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn yí ibùsùn ká, a fi fóònù mi gba orin náà sílẹ̀. Ó mọ́ kedere!

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ara wọn ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti lọ, ó ti há. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n tan orin náà fún àwọn. Ní ìparí rẹ̀, a gbọ́ ohùn wọn àtijọ́ tó ń béèrè pé, “Ṣé kò sí adìẹ níbí o?” Mi ò gé e kúrò. Wọ́n fi ohùn tuntun rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, áàpù ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tí kò ṣeé rà padà dán ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wò. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìmọ̀ràn wo ló ti kó yín sí yọ́ọ́yọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Tó bá ní ìdin nínú, ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi.