Àwọn Sátidé Tí Èmi àti Bàbá Mi Ń Lọ Yìnbọn

Kí n tó wẹ̀ tán láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi á ti jókòó sínú mọ́tò. Màmá mi á ti di búrẹ́dì àti ẹran díndín sínú ike fún wa. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò là ń lọ. Mo ṣì wà ní college, ìyẹn yunifásítì, nígbà náà, ilé wa sì wà ní Lilburn, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Orin ìjọ ni bàbá mi máa ń kọ lọ́nà, kì í sì í mọ ẹsẹ kejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìjọ wa, tí mo ń pè ní Uncle, máa ń pàdé wa níbẹ̀. Òun ló mú bàbá mi lọ ra ìbọn, lẹ́yìn tí àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní ìlú Morrow, tí wọ́n sì na ìbọn sí i. Láti ìgbà náà ni ìbọn tirẹ̀ ti ń wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tòun tọta nínú. Bí màmá mi bá ní kó tì í, á ní, "Ṣé mo máa ní kí olè dúró kí n wá kọ́kọ́rọ́ ni?"

Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ wá fún Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, kò sí ohun tí kì í fẹ́ ṣí. Ibi dúrọ́ọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi bá a, tó ń fà á. Ó gbé e, ó sì sáré wá bá wa nídìí oúnjẹ.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí ìbọn yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn."

"Nínú ilé mi? Òfin ilẹ̀ yìí fún mi láyè!"

Màmá mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fara pa, gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Dádì wa, mo ti gbé ọmọ tí kò jù báyìí lọ sórí ibùsùn rí níbi iṣẹ́. Ìbọn bàbá rẹ̀ ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín ni."

 Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ra àpótí irin kan tí wọ́n ń fi ìka ṣí, ó sì gbé ìbọn náà sínú rẹ̀. Ó tì í, ó ṣí i, ó tún tì í, títí màmá mi fi bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ òfin kan fi dé iwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, pé kí ẹni tó bá ní ọmọdé nílé máa ti ìbọn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni Uncle ti gbé e ko bàbá mi lójú.

"O ra àpótí, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ìjọba wá sọ ọ́ di òfin? Bí a bá gbà fún wọn lórí èyí, lọ́la wọ́n á ní ká kó gbogbo ìbọn wa wá."

"Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà," ni bàbá mi wí. "Bí wọ́n bá wá gba tèmi, mi ò ní gbà. Àmọ́ ìyàwó mi ló ń gbé àwọn ọmọ tí ìbọn bà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo lè gbà fún wọn lórí kọ́kọ́rọ́."

Inú bí Uncle. Ó wọ mọ́tò rẹ̀ láìkí màmá mi. Fún bí oṣù mélòó kan, èmi àti bàbá mi nìkan là ń lọ yìnbọn, bàbá mi ò sì kọrin mọ́.

Àfi bí Uncle ṣe yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé kan, tó ní, "Ṣé bàbá ẹ ò tíì múra ni?" Wọ́n fi Yorùbá, òyìnbó àti Pidgin jiyàn dé ibi tí a ń lọ. Uncle á ní, "Abeg, leave that matter," òun náà ló sì tún máa gbé e dìde.

Àwọn aṣòfin ò fọwọ́ sí òfin náà. Uncle àti bàbá mi ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ títí bàbá mi fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Uncle di ọwọ́ mi mú. "Bàbá ẹ lágídí ju èmi lọ," ló wí. "Ta ni màá wá máa bá jiyàn báyìí?"